Ẹ Bi Dókítà Ojú: "Ṣé Òótọ́ Ni Pé Wọ́n Ti Rí Oògùn Ẹ̀?"

Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lóṣù yìí pọ̀ o, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú gbogbo ẹ̀: "tuntun". Lésà tuntun, abẹ́rẹ́ tuntun, gíláàsì tuntun, wọ́n ní wọ́n ti fi ẹ̀rọ sójú ẹni tí ò ríran ó sì ti ń kàwé. Inú mi dùn pé ẹ̀ ń tọpinpin, àmọ́ kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn ẹ jẹ́ n sọ bí èmi fúnra mi ṣe máa ń gbọ́ irú ìròyìn báyìí. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni pé, ṣé ìríran tó ti lọ ni nǹkan yìí ń dá padà, àbí èyí tó kù ló ń bá wa ṣọ́? Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń ṣì í gbọ́, wọ́n á sọ fún wọn pé "ó ń dá a dúró", wọ́n á délé wọ́n á ní "ó ti sàn". Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ.

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 52 ni mí, ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ní mo ní glaucoma, oògùn méjì ni mò ń kán sójú, ọ̀kan láàárọ̀ ọ̀kan lálẹ́, kí n má parọ́ fún yín, mo máa ń gbàgbé, ìgbà míì á tán n ò ní tètè rà á. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ń sọ pé lésà ni ayé ń lò báyìí, pé wọn kì í kán oògùn mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó sì máa jẹ́ kí ojú òsì mi tó ń ṣe bàìbàì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òótọ́, torí ọ̀pọ̀ tó ń jókòó níwájú mi ló máa ń búra pé àwọn ò fo ọjọ́ kan rí, bẹ́ẹ̀ prẹ́ṣọ̀ ojú wọn ń sọ nǹkan míì. Ìgbàgbé yẹn gan-an wà lára ohun tó gbé ọ̀rọ̀ lésà wá síwájú. Ẹ wò ó, inú ojú wa ní omi kan, kì í ṣe omijé o, inú lọ́hùn-ún ló wà, ojú ń pèsè ẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń gba ibì kan tó dà bí asẹ́ jáde. Tí asẹ́ yẹn bá ti ń dí, omi ò ní ráyè jáde bó ṣe yẹ, prẹ́ṣọ̀ á gòkè, á wá máa tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, iṣan yẹn á máa kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn téèyàn ò fi ní fura títí á fi jẹ ẹ́ dé àárín. Lésà tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, SLT ni wọ́n ń pè é, asẹ́ yẹn ni wọ́n ń tan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sí kó lè máa jẹ́ kí omi kọjá. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, wọn ò ní fi abẹ gé nǹkan kan, ilé yín lẹ máa sùn lọ́jọ́ náà.

Lésà yìí kì í ṣe tuntun pátápátá o, ó ti pẹ́ tá a ti ní i, ẹ̀yìn oògùn la kàn máa ń fi í sí. Ohun tó yí ètò padà ni ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, LiGHT lorúkọ ẹ̀, èèyàn 718 tí wọn ò tíì gba ìtọ́jú kankan rí ni wọ́n kó jọ, wọ́n fún àwọn kan lóògùn, wọ́n ṣe lésà fáwọn tó kù. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2019, nínú àwọn tó ṣe lésà, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ni prẹ́ṣọ̀ wọn wà níbi tó yẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta láìkán ẹ̀kán oògùn kan. Èèyàn 11 lára àwọn tó ń kán oògùn ló di dandan kí wọ́n ṣe ọpéréṣọ̀n glaucoma fún láàrin ọdún mẹ́ta yẹn, nínú àwọn tó ṣe lésà kò sí ẹyọ kan. Wọ́n tún tẹ̀ lé wọn dé ọdún kẹfà, nǹkan bíi 70 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà láìkán oògùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí NICE, ìyẹn àjọ tó ń là á kalẹ̀ fáwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe máa tọ́jú aláìsàn, sọ lọ́dún 2022 pé lésà ni kí wọ́n kọ́kọ́ máa fi lọ aláìsàn tuntun.

Èmi o, èyí tí wọ́n ṣe ní Tanzania, lágbègbè Kilimanjaro, ló dùn mọ́ mi jù, torí àwa aláwọ̀ dúdú ni glaucoma máa ń tètè mú, òun náà ló sì máa ń le sí wa lára jù. Lẹ́yìn ọdún kan, lésà ṣiṣẹ́ fún ojú 61 nínú ọgọ́rùn-ún, timolol tí wọ́n ń kán ṣiṣẹ́ fún 31. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì o.

Tiyín wá ńkọ́? Ẹ kì í ṣe aláìsàn tuntun, oògùn méjì lẹ̀ ń lò, nítorí náà mi ò lè ṣèlérí pé ẹ máa ju méjèèjì nù, ó lè ku ẹyọ kan. Ó tún dọwọ́ irú glaucoma tó jẹ́, tó bá jẹ́ èyí tí ojú ọ̀nà omi yẹn ti pa dé pátápátá, SLT ò ní rí asẹ́ tó fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí. Dókítà yín máa fi gíláàsì pàtàkì kan wo igun ojú yín kó tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Agbára lésà náà máa ń rẹlẹ̀ tó bá yá, wọ́n lè tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí lẹ́tà mi yìí dáwọ́ oògùn dúró lálẹ́ òní.

Ọ̀rọ̀ ojú òsì ló wá le jù. Rárá, ẹ̀gbọ́n. Iṣan tó ti kú yẹn, kò tíì sí lésà, kò tíì sí oògùn, kò tíì sí abẹ tó ń jí i. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, èyí tó kù ni wọ́n ń bá yín ṣọ́. Nítorí náà ẹ bá mi pe àwọn àbúrò yín àtàwọn ọmọ yín, kí wọ́n lọ yẹ ojú wò kódà tí wọ́n bá ń ríran dáadáa, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí, àìtètè mólè ló sì máa ń jẹ́ kí olè mólóko.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 8 lọmọ mi obìnrin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì ẹ̀ láàrin ọdún méjì, kì í rí pátákó ní kíláàsì. Bàbá ẹ̀ ní gíláàsì yẹn gan-an ló ń bà á lójú jẹ́, pé kí wọ́n fún un ní èyí tí agbára ẹ̀ ò tó kí ojú ẹ̀ lè máa sapá. Mo tún gbọ́ pé oògùn wà tí wọ́n ń kán àti iná pupa tí ọmọ máa ń wò. Mi ò mọ èyí tí màá ṣe.

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ bá mi kí bàbá ẹ̀, ẹ ní mo ní kó máà bínú, àmọ́ kì í ṣe gíláàsì. Ẹyinjú ọmọ yín ló ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi í rí òkèèrè, bí ẹsẹ̀ ṣe ń gùn kúrò nínú bàtà tí wọ́n rà lọ́dún tó kọjá, bàtà kọ́ ló mú ẹsẹ̀ gùn. Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ gíláàsì tí agbára ẹ̀ ò tó wò, kò dá nǹkan kan dúró, nínú ìwádìí míì ńṣe ló tún yára sí i. Ẹ fún un ní èyí tó péye.

Àmọ́ gíláàsì lásán jẹ́ kó ríran lónìí ni, kò ní kí ẹyinjú má gùn mọ́, gígùn yẹn la sì ń sá fún torí ojú tó bá gùn jù, awọ ẹ̀yìn ẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ máa ń tín-ín-rín, ó lè ṣí kúrò níbi tó wà tí ọmọ bá dàgbà, glaucoma náà máa ń sún mọ́ ọn. Ibí yìí ni nǹkan ti yí padà gan-an láàrin ọdún mẹ́wàá. Gíláàsì wà báyìí tó ní àwọn ojú kéékèèké káàkiri inú ẹ̀, àárín ẹ̀ ń jẹ́ kí ọmọ ríran, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń sọ fún ẹyinjú pé "dúró ńbẹ̀". Nínú ìwádìí ọlọ́dún méjì kan ní Hong Kong, ó dín bí ojú ṣe ń bàjẹ́ sí i kù ní ìdajì. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú ẹ̀ kan lóṣù September 2025, wọ́n sì ti fọwọ́ sí lẹ́ǹsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú (contact lens) fáwọn ọmọ ọdún 8 sí 12 látọdún 2019.

Oògùn tẹ́ ẹ gbọ́, atropine ni, wọ́n máa ń pò ó kó fẹ́lẹ́ gan-an. Bó ṣe fẹ́lẹ́ tó yẹn ló wá di àríyànjiyàn. Ní Hong Kong náà, wọ́n fi oríṣi mẹ́ta wé ara wọn, 0.05, 0.025 àti 0.01 nínú ọgọ́rùn-ún, 0.05 ló ṣe dáadáa jù. Nígbà tí Amẹ́ríkà dán 0.01 wò fúnra ẹ̀, èsì tó jáde lọ́dún 2023 ni pé kò yàtọ̀ sí omi lásán. Bí wọ́n bá kọ ọ́ fún ọmọ yín, ẹ béèrè pé èwo ni, ẹ má tijú.

Iná pupa, mi ò sí níbẹ̀. Ó jọ pé ó ń dá ojú dúró lóòótọ́, àmọ́ ọmọbìnrin ọdún 12 kan ti wà lákọsílẹ̀ tí awọ ẹ̀yìn ojú ẹ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn tó lò ó, ọmọ tí a fẹ́ dáàbò bo ojú ẹ̀ ni a ò gbọ́dọ̀ fi dán irú ẹ̀ wò nílé.

Ohun kan wà tí ò gba ìwé dókítà. Ní Guangzhou nílẹ̀ Ṣáínà, wọ́n mú ilé ẹ̀kọ́ 12, wọ́n fi ogójì ìṣẹ́jú ìta gbangba kún ọjọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní nínú ìdajì wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú àwọn tó ń jáde, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni ojú wọn di èyí tí ò rí òkèèrè, nínú àwọn tó kù ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Fún ọmọ tí tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ bí tiyín, agbára ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ lé e jáde sínú ìmọ́lẹ̀ jàre, tó bá ní àbúrò ẹ lé àwọn náà tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Dókítà mi, ọdún 78 ni bàbá mi, wọ́n ní àárín ojú ẹ̀ ló ti jó tán, "dry macular" ni wọ́n kọ sínú káàdì. Kò lè kàwé mọ́, kò dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo wá rí fídíò ìyá arúgbó kan tí wọ́n fi nǹkan sí lójú tó ń ka ìwé. Mo sunkún. Ṣé ti bàbá mi lè rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kì í ṣe ìwọ nìkan lo sunkún. Òótọ́ ni, kì í ṣe ayédèrú, nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ títí débí òun nìkan ni mo lè nawọ́ sí pé ó dá nǹkan padà. PRIMA ni wọ́n ń pè é. Ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine ló gbé e jáde lóṣù October 2025. Ṣípù kékeré kan ni, mìlímítà méjì síhìn-ín méjì sọ́hùn-ún, ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ kì í bọ abẹ́ awọ ẹ̀yìn ojú níbi tí ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ti kú. Aláìsàn á wá wọ gíláàsì tó ní kámẹ́rà, kámẹ́rà á ya ohun tó wà níwájú ẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré tó gbé dání á sọ ọ́ di ńlá, gíláàsì á sì fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí tàn án sórí ṣípù yẹn, ṣípù á sọ ọ́ di iná mànàmáná tí iṣan ojú tó ṣì wà láàyè máa gbé lọ sí ọpọlọ. Èèyàn 38 ni wọ́n ṣe é fún, 32 ni wọ́n tún yẹ̀ wò nígbà tó pé ọdún kan, 26 nínú wọn ló ti ń rí lẹ́tà dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tá a bá pín in dọ́gba-dọ́gba ó tó ìlà márùn-ún lórí pátákó lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ n wá sọ èyí tí fídíò ò sọ. Funfun àti dúdú ni wọ́n ń rí, kò láwọ̀. Lẹ́tà kan tẹ̀ lé lẹ́tà kan ni, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ bí wọ́n ṣe máa lò ó, bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ABD. Àwọn 19 lára wọn ní wàhálà tó le lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bíi prẹ́ṣọ̀ tó gòkè, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ láàrin oṣù méjì àkọ́kọ́. Bàbá lè ka orúkọ tó wà lára oògùn ẹ̀, mi ò lè sọ fún ọ pé ó máa rí bó o ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ tún gbọ́dọ̀ bi dókítà ẹ̀ pé ṣé lóòótọ́ ni àárín yẹn ti kú tán, torí ẹni tó ṣì ní èyí tó kù níbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Abẹ́rẹ́ méjì náà wà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2023 fún irú ti bàbá, inú ojú ni wọ́n ń gún un sí. Wọ́n ń jẹ́ kí ibi tó kú má tètè fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń gún un fún kì í ríran ju bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Yúróòpù fi kọ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ní ibo ni àǹfààní tí aláìsàn fúnra ẹ̀ rí wà? Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n tí ojú kan bá ṣì kù fún bàbá, ẹ jẹ́ kó máa wo férémù ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, kó fọwọ́ bo ojú kan kó fi ìkejì wò ó. Ọjọ́ tó bá rí i pé ó wọ́, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ti ń jò níbẹ̀, ìyẹn ní abẹ́rẹ́ tiẹ̀ tó dáa gan-an, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2022 lè tó oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó tún un gún fáwọn kan, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n fi falẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé gíláàsì tó ń dènà iná búlúù fóònù ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Lọ́dún 2023 Cochrane, àjọ kan tó máa ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí 17 jọ, wọn ò rí i pé ó dín rírẹ ojú kù ju gíláàsì lásán lọ. Ojú ń rẹ yín torí tẹ́ ẹ bá ti tẹjú mọ́ fóònù ẹ kì í ṣẹ́jú mọ́. Ẹ máa ṣẹ́jú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ní cataract, wọ́n ní gíláàsì inú ojú ẹ̀ ló dọ̀tí, ó ń bẹ̀rù abẹ, ó ní òun ń dúró de oògùn tí wọ́n máa kán tó máa yọ ọ́. Ọmọ ẹ̀ ní tó bá máa ṣe é dandan, lésà ni kó ṣe, pé òun ló dáa jù.

Ìdáhùn: Ó máa dúró pẹ́ o. Ìwádìí kan jáde lọ́dún 2015 lórí nǹkan tí wọ́n ń pè ní lanosterol, ó jẹ́ kí ojú ajá tó ti funfun mọ́ díẹ̀, ariwo sọ lágbàáyé, ẹ̀dá èèyàn ò tíì rí èrè ẹ̀. Kò sí oògùn tí wọ́n ń kán tó ń yọ cataract, ẹni tó bá ń ta á, owó yín ló ń yọ. Ti lésà, àwọn ará Faransé fi í wé iṣẹ́ abẹ tá a mọ̀, lórí àwọn tó lé ní 900, èsì ọdún 2020 ni pé lésà ò dáa jù ú lọ, ó kàn wọ́n jù ú lọ ni. Kí ọmọ ẹ̀ máà fi ìyẹn dá a dúró.

Cataract sì yàtọ̀ sí gbogbo àwọn tó kù tí mo ti ń sọ o, torí ojú gan-an ò kú, gíláàsì inú ẹ̀ ló dọ̀tí, wọ́n á yọ ọ́ wọ́n á fi òmíràn sí i, èèyàn á padà ríran. Látọdún 1949 tí dókítà ojú kan, Harold Ridley, ti kọ́kọ́ fi gíláàsì àtọwọ́dá sínú ojú aláìsàn kan ní London la ti ń ṣe é. Ẹ tún sọ èyí fún un: ní Seattle, wọ́n tọpa àwọn àgbàlagbà tó lé ní 3,000, àwọn tó yọ cataract tiwọn, iye tí àìsàn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó (dementia) mú nínú wọn fi nǹkan bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí ò yọ ọ́. Ìyẹn ò sọ pé abẹ ojú ń wo ọpọlọ, ó lè jẹ́ ara wọn ló le tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹni tó jókòó sínú òkùnkùn ọdún mẹ́ta tó ń dúró de ẹ̀kán oògùn, kò jọ pé ó ń ṣe ọpọlọ ẹ̀ lóore.

Ìbéèrè: Mo ní àtọ̀gbẹ, wọ́n fi mí sórí semaglutide, abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo ti jò. Wọ́n ní ó ń fọ́ ojú. Níbi tí mo ti ń gbàtọ́jú, ẹ̀rọ kan ya fọ́tò ojú mi, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló tẹ èsì jáde pé kò sí wàhálà. Ṣé mo tún nílò dókítà ojú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìjà àtọ̀gbẹ. Abẹ́rẹ́ yẹn, àjọ oògùn Yúróòpù yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù June 2025, wọ́n ní ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbi iṣan ojú dáwọ́ dúró lójijì, àmọ́ kò ju bí ẹnìkan nínú 10,000 tó ń lò ó lọ. Ewu ṣúgà tí wọn ò tọ́jú fún ojú jù ìyẹn lọ fíìfíì, ẹ má dá a dúró láì bá ẹni tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni kẹ́ ẹ jí láàárọ̀ kí ojú kan ṣú láìdunni. Ẹ má sọ pé "á fi di ọ̀la", ilé ìwòsàn ló kàn. Ohun kejì, tí ṣúgà bá yára wálẹ̀ jù, àpá tí àtọ̀gbẹ ti dá sí ẹ̀yìn ojú tẹ́lẹ̀ lè kọ́kọ́ burú sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tó ń ka fọ́tò, mo gbà fún un. Látoṣù April 2018 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tó ń dá èsì sọ láìsí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nígbà tí wọ́n dán an wò ó mú bíi 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí àtọ̀gbẹ ti ba ojú wọn jẹ́ dé ibi tó yẹ kí dókítà ojú rí wọn. Ó dáa gan-an fáwọn tí kì bá má rí dókítà ojú rárá. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ láti dáhùn, pé ṣé àtọ̀gbẹ ti dé ẹ̀yìn ojú yìí. Ẹnikẹ́ni ò bi í nípa prẹ́ṣọ̀, ẹnikẹ́ni ò bi í nípa glaucoma tàbí cataract, kò sì ní dédé sọ ohun tí wọn ò bi í. Ẹ wá, kí n bi ojú yín láwọn tó kù, ẹ sì mú ìwé tó tẹ̀ fún yín yẹn dání.